Rọ́bà Tí Mo Gé Lára Tiúbù Kẹ̀kẹ́

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò mọ omi wẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí ní Ọ̀mù-Àrán, níbo ni yóò ti kọ́ ọ? Odò tó wà lẹ́yìn ilé wa, ìgbà òjò nìkan ló ń ṣe bí odò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ewúrẹ́ á gba inú rẹ̀ kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní tutù. Síbẹ̀, èmi yìí náà ni mo bá wọn ṣe ohun tó ń fò lórí òkun, tí mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi pa bàbá tí mò ń gbé ilé rẹ̀. Mo ti ròyìn ìlú òyìnbó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo máa ń sọ ti òtútù, mo máa ń sọ ti oúnjẹ tí kò mọ ata, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Èyí ni mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan nílé àfi bàbá mi. Ojú ló ń tì mí. Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Iṣẹ́ ríwáyà ni bàbá mi ń ṣe. Bí wáyà inú jẹnẹrétọ̀ bá jóná, tàbí ti pọ́ǹpù tó ń fa omi kànga, bàbá mi ni yóò tú u, wọ́n á ká wáyà tuntun sí i títí ẹ̀rọ náà á fi máa yí padà. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà lójú ọ̀nà Èsìẹ́. Ọmọbìnrin mẹ́rin ni wọ́n bí, èmi ni àbígbẹ̀yìn, èmi nìkan ni mo sì jókòó tì wọ́n. Kí n tó pé ọmọ ọdún méjìlá, mo ti lè ka iye ìgbà tí wáyà yí po láì wo ibẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní Ìyá Ríwáyà. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo lọ sí pólì, mo ka iṣẹ́ iná, mo wá iṣẹ́ títí, mi ò rí, mo bá tẹ̀lé àwọn tó ń lọ.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti rí iṣẹ́, ní ìlú kékeré kan létí òkun ní ilẹ̀ Áyálándì. Ọjọ́ kìíní tí wọ́n ní kí n wẹ̀ fún bàbá kan tó dàgbà ju bàbá bàbá mi lọ, mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí wọn. Obìnrin tó ń kọ́ mi níṣẹ́ rò pé nǹkan ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá mi wá a. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Nígbà tí mo bọ́ ẹ̀wù bàbá náà tán, mo di ojú, mo sì di ojú bẹ́ẹ̀ wẹ̀ fún wọn. Bàbá náà fúnra wọn ló sọ fún mi pé ọṣẹ ṣì wà lẹ́yìn àwọn.

Lọ́sàn-án, a óò tò wọ́n sórí àga níwájú fèrèsé ńlá tó kọjú sí òkun. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo wà ní pámárì, wọ́n kó wa lọ wo àwọn ère òkúta ní Èsìẹ́, ogunlọ́gọ̀ èèyàn òkúta tí wọ́n jókòó, tí wọ́n ń wo iwájú. Àwọn ère yẹn ni mò ń rántí. Mo máa ń rò ó pé gbogbo àwọn arúgbó wọ̀nyí ló ní iṣẹ́ kan tí ọwọ́ wọn mọ̀ nígbà kan, ta ló wá sọ fún wọn pé ó tó?

Bàbá mi máa ń pè mí lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Bí a bá kí ara wa tán, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: “Ṣé ọwọ́ rẹ ṣì ń kan wáyà?” Màá ní rárá, sà. Wọ́n á ní ó dáa. Ohùn wọn á lọ sílẹ̀ díẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ọsibítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún bàbá mi pé àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n gbé bàbá tiwọn fún mi kí n máa wẹ̀ fún un? Wọ́n á bi mí pé àwọn ọmọ náà ńkọ́.

Bàbá tí mo gba yàrá nílé rẹ̀ ń jẹ́ Kólùm. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àwọn apẹja ló fi gbogbo ayé rẹ̀ tún ṣe. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Méèrì, ìlú ńlá ló ń gbé, ọjọ́ Àìkú ló máa ń wá wò ó. Ọjọ́ tí mo kó ẹrù dé, ó ní Kólùm ni kí n máa pe òun. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ẹni tó dàgbà ju bàbá mi lọ! Mo pè é ní Bàbá Kólùm, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa, àmọ́ kí n má sọ òun di arúgbó. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, òun ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ó ní ṣẹ́ẹ̀dì kan ní ẹ̀yìnkùlé, ilé kékeré tó ti ń ṣiṣẹ́ ọwọ́. Pátákó kan wà lórí tábìlì níbẹ̀, ó fẹ̀, ó gùn tó èmi, ó sì ti fi nǹkan bíi ike kùn ún títí ó fi ń dán. Ó ní èèyàn ló máa ń dúró lé e lójú omi. Òpó irin kan wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹ́ wà ní ìdí òpó náà bíi ti ọkọ̀ òfuurufú, mọ́tò iná kékeré kan sì wà níbẹ̀ tó ń yí fáànù. Bátìrì wà nínú ikùn pátákó, nínú àpótí kan. Bí o bá tẹ rìmóòtù ọwọ́ rẹ, fáànù á máa tì ọ́ lọ, nígbà tí eré bá pọ̀ tó, ìyẹ́ tó wà nínú omi á gbé pátákó náà kúrò lójú omi pátápátá. Wàá máa fò, kò sì ní pariwo. Àwọn ilé iṣẹ́ ń ṣe é tà, ṣùgbọ́n Kólùm ní òun kò fẹ́ títà. Àwọn èèyàn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kàn án nínú ṣẹ́ẹ̀dì bíi tirẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ ara wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀, nídìí ẹ́ńjìnnì, ni òun wà ní gbogbo ìgbà tí òun fi wà lójú òkun. Ó fẹ́ wo òkun láti òkè lẹ́ẹ̀kan kó tó kú.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dán mọ́tò náà wò nínú garawa omi, wáyà inú rẹ̀ jó. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀ láti kíṣìnnì. Ẹ̀yin tí ẹ kò dàgbà nínú ṣọ́ọ̀bù ríwáyà, ẹ ò lè mọ ohun tí òórùn yẹn ṣe fún mi. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo ti lò nílùú yẹn láì gbọ́ òórùn kan tí mo mọ̀. Mo sáré jáde, mo bá Kólùm tó di orí mú. Ó ní òmíràn á pẹ́ kó tó dé láti òkèèrè.

Mo ní, “Mo lè ká a.”

Sátidé méjì la fi ṣe é. Mo gbé fóònù ti agolo ọ̀dà, bàbá mi wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú awò ojú wọn, àwọn oníbàárà pé lé wọn lórí. Wọ́n ń sọ Ìgbómìnà sí mi, wọ́n sì ń sọ òyìnbó sí Kólùm, òyìnbó àtijọ́ tí wọ́n kọ́ nílé ìwé míṣọ́ọ̀nù, èyí tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka Bíbélì. Wáyà náà tín-ín-rín ju èyí tí a mọ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá mi bú mi pé mò ń fà á jù. Ọkùnrin kan tó gbé pọ́ǹpù wá láti ìlú Bàbáńlá dá sí i láti ẹ̀yìn, ó ní ṣé ohun tí òyìnbó ò rí tún ṣe lẹ̀yin méjèèjì fẹ́ tún ṣe. Bàbá mi ní kó gbẹ́nu dákẹ́, kó máa wòran. Nígbà tí mo so iná mọ́ ọn, tó kùn, tó sì yí, gbogbo ṣọ́ọ̀bù Ọ̀mù-Àrán hó nínú fóònù. Kólùm ṣí fìlà rẹ̀ fún bàbá mi. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, bàbá mi kò bi mí bóyá ọwọ́ mi ń kan wáyà.

Ẹni tó bá ti gbé àjò rí mọ ohun tí mò ń wí. Bí ẹni tó jókòó sórí àga onílé ni o máa ń rí, o ò ní lè fara tì í. Ọjọ́ yẹn, mo fara tì í. Kólùm ń sọ ọ́ káàkiri. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì pè mí ní ẹnjiníà lójú gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà. Orí mi wú. Ó wú jù, níbẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ó kù dẹ̀dẹ̀ kí a gbé pátákó náà lọ sómi. Kólùm ní kí n tẹ rọ́bà mọ́ ojú àpótí bátìrì, kí òun wá fi nọ́ọ̀tì dé ọmọrí rẹ̀ pa. Rọ́bà ọ̀hún rí roboto, ó tín-ín-rín, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àpótí náà. Ohun tó ń dènà omi kò ju òun náà lọ. Kólùm wọlé lọ se tíì. Mò ń fi ẹnu tẹ́sítà ti rọ́bà náà wọnú kòtò tó yí ojú àpótí ká, tẹ́sítà yọ̀, rọ́bà ya. Yíya náà kò ju èékánná lọ.

Ká ní mo pè é nígbà yẹn ni, kò sí ìtàn tí mo fẹ́ sọ. Màá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, mo ti ba nǹkan jẹ́,” á ṣépè díẹ̀, á ní kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́, a ó dúró. Ṣùgbọ́n mo ti di ẹnjiníà. Ẹni tó ká mọ́tò tí òyìnbó kò rí ká, ṣé òun náà ni yóò wá fa rọ́bà ya bí ọmọ iṣẹ́ ọjọ́ kan? Mo wo ògiri. Kẹ̀kẹ́ ológeere àtijọ́ kan wà lórí ìṣó, tiúbù rẹ̀ ṣì dáa. Mo gé e. Mo gé òrùka kan lára rẹ̀, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ sínú kòtò náà, ó jókòó bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Mo sọ èyí tó ya sínú àpò mi.

Ọwọ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ tiúbù gígé. Bí rọ́bà pọ́ǹpù bá bàjẹ́ ní Ìjàrà-Ìsin tàbí ní Òró-Àgọ́, ta ni yóò dúró de ojúlówó? Àgbẹ̀ ń fẹ́ omi lónìí. Bàbá mi á gé tiúbù, á sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àṣà kan tí gbogbo agbègbè wa mọ̀ mọ́ wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá fi tiúbù ṣe kì í kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù láì jẹ́ pé wọ́n so àkísà pupa mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Àkísà yẹn ni pé mánéèjì ni èyí o, máa ṣọ́ ọ, bí o bá rí ojúlówó, gbé e padà wá. Bí wọ́n bá so ó tán, wọ́n á tún fi ẹnu sọ ọ́ fún olóhun. Àwọn èèyàn máa ń fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀ pé iṣẹ́ wọn ń wé gèlè.

Mi ò so àkísà kankan. Kì í ṣe pé mo wá a tì. Ẹ̀wù pupa àtijọ́ kan tí Kólùm fi ń nu ọwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀, mo rí i. Mo tún tì í sápá kan kó má bàa gba ojú tábìlì.

Kólùm dé, ó gbé tíì fún mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í de nọ́ọ̀tì. Ọwọ́ rẹ̀ ti máa ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ó ń dè é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń ka iye rẹ̀ sókè. A gbé àpótí náà rì sínú báàfù fún wákàtí kan. Ó gbẹ fúrúfúrú nínú. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín nínú ara mi pé ọgbọ́n Ọ̀mù-Àrán dé òkun.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú la gbé e lọ. Méèrì wá, àwọn aládùúgbò wá. Kólùm kọ́kọ́ ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà kẹrin, pátákó náà gbéra. Ẹ gbọ́, mo rí i pẹ̀lú ojú mi: bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún dúró lókè omi, kò sí ariwo, kò sí èéfín, ó ń lọ. Mo gbé fóònù, mo ya á ní fídíò, mo fi ránṣẹ́ sí bàbá mi lójú ẹsẹ̀. Méèrì di apá mi mú, ó ń sunkún ayọ̀. Kólùm yí padà, ó kọjá níwájú wa, ó juwọ́ sí mi, ó sì tún kọrí sí ọ̀nà jíjìn.

Ọ̀nà jíjìn yẹn ni mọ́tò ti kú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. A rí i tó ṣubú, a rò pé yóò dìde. Pátákó kò gbéra mọ́. Omi ń fà á lọ sẹ́yìn, a ń rí orí rẹ̀, a ò rí i mọ́, a tún rí i. Òtútù omi ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń pẹ́ nínú rẹ̀. Méèrì ń kígbe orúkọ bàbá rẹ̀. Èmi tí mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo dúró sétí omi bí òpó, mi ò mọ omi wẹ̀. Ọkọ̀ apẹja kan tó ń padà bọ̀ ló gbé e. Ètè rẹ̀ ti di aró nígbà tí wọ́n gbé e bọ́ sílẹ̀. Ambúláǹsì gbé e lọ, Méèrì bá a lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó ku èmi nìkan nílé. Àwọn apẹja ti gbé pátákó náà sí àárín ẹ̀yìnkùlé, jìnnà sílé, nítorí bátìrì tí omi iyọ̀ bá wọ̀ lè gbiná. Mo tú nọ́ọ̀tì. Omi kún inú àpótí náà. Tiúbù ti ṣí níbi tí mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Mo yọ ọ́. Mo mú rọ́bà tó ya nínú àpò mi, mo tẹ̀ ẹ́ sínú kòtò, mo sì dé ọmọrí rẹ̀ padà bí mo ṣe bá a. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n rárá. Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn títí dòní.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni Kólùm dé láti ọsibítù. Kò tíì jókòó tó fi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó tú àpótí náà, ó mú rọ́bà tó ya, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó títí. Ó ní, “Mo de nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ kan le ju ti èkejì lọ, ó sì já rọ́bà náà. Ọwọ́ mi ni.”

Mo ní, “Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà.”

Bàbá mi ti gbé fídíò náà yí ìlú ká. Wọ́n ti dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti dúpẹ́ pé Ọlọ́run fi ọwọ́ ọmọ àwọn gbé arúgbó fò lójú òkun. Nígbà tí wọ́n pè, wọ́n ní ṣé ó ṣì ń fò. Mo ní ó ń fò, sà. Oníṣẹ́ ni wọ́n, wọ́n tún bi mí pé kí la fi dí ojú bátìrì. Mo ní rọ́bà òyìnbó ni. Wọ́n ní ìyẹn dáa.

Kólùm kò wọ ṣẹ́ẹ̀dì mọ́. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ fún Méèrì, ó ní ọwọ́ òun kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé lójú títì. Tó bá fẹ́ mu tíì, á fi ọwọ́ méjèèjì di ife mú, á máa wò wọ́n bí ẹni ń wo ọmọ tó dójú tì í. Ó dá irùngbọ̀n sí, kó má bàa fi ọwọ́ ọ̀hún di abẹ mú. Èmi ń kẹ́ ẹ: mò ń fọ abọ́ rẹ̀, mò ń se ọbẹ̀ fún un, mò ń lọ ra nǹkan fún un. Bí mo ṣe ń ṣe dáadáa sí i tó ni mò ń bà á lójú jẹ́ tó, nítorí ohun tí kò lè ṣe mọ́ ni mò ń bá a ṣe. Nígbà tó di oṣù kẹta, Méèrì sọ fún mi pé àwọn ti gba yàrá fún un ní ilé ìtọ́jú. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ gan-an ni. Ó ní bàbá òun ti gbà, kò tilẹ̀ jà. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ohun tó fi òun lọ́kàn balẹ̀ ni pé èmi wà níbẹ̀.

Èmi ni wọ́n ní kí n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Mo tẹ́ ẹ. Mo fi ìrọ̀rí sí i, mo tò ó dáadáa, mo wá rí i pé fèrèsé yàrá náà kọjú sí òkun. Wọ́n á gbé àga rẹ̀ síbẹ̀, á jókòó, á máa wo iwájú. Èmi ni màá máa wẹ̀ fún un. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́, mo pe bàbá mi.

Mo sọ gbogbo rẹ̀: rọ́bà, tiúbù, ohun tí mo ṣe nígbà tí Kólùm wà ní ọsibítù, ilé arúgbó tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ. Mi ò sọ pé ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi ń pè; ọsibítù ni wọ́n ṣì rò pé mo ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá mi jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Wọ́n ní, “Ṣé o so àkísà mọ́ ọn?”

“Rárá, sà.”

“Ṣé kò sí àkísà níbẹ̀ ni?”

“Ó wà níbẹ̀, sà.”

Mo gbọ́ tí wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, “Tiúbù tí o gé, mi ò bá ẹ wí. Èmi ni mo kọ́ ẹ. Kànga ni mo mọ̀, mi ò rí òkun rí. Ṣùgbọ́n àkísà yẹn, nítorí ibi tí ọgbọ́n mi kò dé ni mo ṣe ń so ó. Wáyà kíká, ẹni tó bá fẹ́ lè kọ́ ọ. Àkísà ni iṣẹ́ náà, ọmọ mi.” Wọ́n tún ní, “O sì jẹ́ kí n lọ dúpẹ́ níwájú Ọlọ́run. Lọ so ó.”

Mo lọ. Inú páálọ̀ ni mo ti bá Kólùm, ó ń kó ìwé rẹ̀ sínú páálí. Mo mú tiúbù náà nínú àpótí aṣọ mi, níbi tí mo fi í pa mọ́ sí. Mo kúnlẹ̀. Mo gbé e síwájú rẹ̀, mo sọ̀rọ̀, mi ò fi nǹkan kan bò. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò ju oṣù mẹ́ta lọ, ó sì wúwo lẹ́nu mi bí ogún ọdún. Mo sọ ti àkísà pupa náà fún un, ohun tí bàbá mi fi ń ṣe, àti pé èmi rí aṣọ pupa nínú ṣẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ yẹn tí mo tì í sápá kan.

Ó mú tiúbù náà, ó yí i po lọ́wọ́. Ó béèrè ìgbà tí mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un. Ó gbé e sílẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí orúnkún, ó ń wò wọ́n. Ó yí wọn padà, ó wo àtẹ́lẹwọ́.

Ó ní, “Ọwọ́ mi kọ́.” Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó tún ní, “Oṣù mẹ́ta ni mo fi kórìíra wọn.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, kí n lọ sí yàrá mi. Kò pariwo. Ká ní ó gbá mi létí ni, ǹ bá dúpẹ́.

Méèrì wá lọ́jọ́ kejì. Ó ní kí n wá ilé mìíràn. Ohun kejì tó sọ ni pé, “Èmi tí mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ,” ó sì bú sẹ́kún. Mo kó ẹrù mi. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, Kólùm wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì, mo gbọ́ ìró irin. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀, mi ò kan ilẹ̀kùn. Màmá mi ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bàbá mi tún dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sọ fún ìjọ pé ohun tí àwọn dúpẹ́ lé lórí ti bàjẹ́, àti pé ọmọ àwọn ló jẹ̀bi. Bàbá mi kò sọ ọ́ fún mi rí.

Kólùm kò wá sí ilé ìtọ́jú. Ìyá kan ni wọ́n gbé sí yàrá náà.

Òtútù kọjá, oòrùn padà dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń to àwọn arúgbó síwájú fèrèsé. Bàbá tí mo kọ́kọ́ di ojú wẹ̀ fún, tí mo ti ń la ojú wẹ̀ fún láti ọjọ́ pípẹ́, na ìka sí òkun. Ẹnì kan ń fò lójú omi. Ó jìnnà, ṣùgbọ́n mo mọ ìdúró rẹ̀. Kò sí ariwo, a kàn ń rí i tó ń lọ. Òkun ti ba bátìrì jẹ́, ó ti ní láti ṣe òmíràn, ṣùgbọ́n mọ́tò tó ń tì í lọ, mo mọ̀ pé òun ni èyí tí mo ká. Bó ṣe yí padà níwájú wa, mo rí ohun kan tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ ní ìdí pátákó náà. Àkísà pupa ni.

Bàbá náà ní ṣé mo mọ ẹni yẹn ni. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kí n juwọ́ sí i. Mi ò lè gbé ọwọ́ sókè. Mo dúró lẹ́yìn àga wọn, mò ń wò ó títí ó fi kọjá.

Lọ́jọ́ Àìkú, bàbá mi pè. Mo sọ ohun tí mo rí fún wọn. Wọ́n ní ṣé ó dá mi lójú pé àkísà ni. Mo ní ó dá mi lójú, sà, pupa ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè tí wọn ò tíì bi mí láti ọjọ́ tí mo ti ká mọ́tò náà: “Ṣé ọwọ́ rẹ ṣì ń kan wáyà?”

Mo ní, “Rárá, sà. Àwọn arúgbó ni mò ń wẹ̀ fún.”